Bíléèdì Tó Wà Lókè Àjà Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lójú ewé yìí, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín tipẹ́, mi ò dá sí i rí. Lónìí, èmi náà gbé ẹrù tèmi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ọmọ Ẹdẹ ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Mùsùlùmí ni mí, iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe. Ohun kan wà nínú mi tó ti pé ọdún mẹ́fà. Ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kú, kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn àgbà ilé kan ti ránṣẹ́ pè mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n wá sí Alajue nítòsí Ẹdẹ, kí n fi ẹnu kan irin níwájú Ògún, kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo mọ ohun tí ojú mi rí. Ohun tí ọwọ́ mi ṣe ni wọn ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, mo ti pa ìlà kan náà rẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Délé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Alajue ni ilé wọn, ilé alágbẹ̀dẹ ni. Àwọn ni wọ́n ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Wọ́n ń bọ Ògún, wọn ò sì fi bò. Èmi ń kírun, òun ń bọ Ògún, ìyẹn ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Tí mo bá gba ààwẹ̀, Délé kì í jẹun lójú mi. Tí wọ́n bá ń bọ Ògún lọ́dọọdún, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Ajá nìkan ni mi ò ń bá wọn jẹ.

Ọdún mọ́kànlá la fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Délé á wọn irin, á gé e, èmi á jó o pọ̀. Géètì, irin ojú fèrèsé, àga, bẹ́ẹ̀dì, kò sí èyí tí a ò ṣe. Èmi ni ẹnu mi dùn, èmi ni mò ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Òótọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di Ẹnjiníà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní ṣọ́ọ̀bù ilé-ìwé gíga kan. Mo máa ń dárúkọ àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ fún àwọn èèyàn, ẹnu á yà wọ́n, ni wọ́n bá sọ mí ní Ẹnjiníà. Gbígbálẹ̀ ni mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀ o. Mi ò jókòó ní kíláàsì rí. Mo jẹ́ kí orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi, ó sì dùn mọ́ mi.

A ní ẹ̀rọ ìgérin kan, tòkunbọ̀ ni. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ayùn ni, àmọ́ bíléèdì rẹ̀ kì í lọ síwá sẹ́yìn. Wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbànú, ó ń yí po lórí wíìlì méjì, eyín rẹ̀ sì ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀ títí irin yóò fi já. Nínú eyín yẹn ni gbogbo wàhálà wà. Bíléèdì kan wà tí eyín rẹ̀ tóbi, tó sì jìnnà síra. Ìyẹn dára fún igi. Òmíràn wà tí eyín rẹ̀ kéékèèké, tó sún mọ́ra. Ìyẹn la fi ń gé páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Délé kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ iṣẹ́ bíléèdì. Ó ní nígbàkígbà tí bíléèdì bá ń jẹ irin, eyín mẹ́ta, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà lórí irin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló bọ́ sórí irin fẹ́lẹ́, á kọ́ ọ bí ìwọ̀ ṣe ń kọ́ ẹja, yálà kí irin fò tàbí kí bíléèdì já. Ó máa ń sọ pé òòyà eléyín ńlá ò lè mú iná orí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí etí mi fi di. Mò ń rẹ́rìn-ín ni. Kí ni ọmọ alágbẹ̀dẹ fẹ́ kọ́ Ẹnjiníà?

Lọ́dún náà, a gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin fún ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bíléèdì wa ti gbó nígbà náà, eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Délé gé díẹ̀ lára rẹ̀, kò gùn ju ìka lọ, níbi tí eyín ṣì pé sí. Ó wé e sínú bébà, ó ní sáńpù nìyẹn. Ó ní kí n mú un lọ sí Ifẹ̀, kí n gbé e lé orí bíléèdì tí wọ́n bá fẹ́ tà fún mi, kí eyín kan eyín. Ó tún un sọ. Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo fi sáńpù sí àpò bùbá tó wà lọ́rùn mi. Nígbà tó yá, mo rò ó pé ó yẹ kí n múra dáadáa, nítorí Ifẹ̀ ni màá ti kírun Jímọ̀. Mo bọ́ bùbá yẹn sórí àga, mo wọ òmíràn. Sáńpù wà nínú èyí tí mo bọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ àfìgbà tí mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bíléèdì, tí mo ki ọwọ́ bọ àpò, tí mi ò bá nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Kí n kàn pe Délé ni, kí n ní eyín mélòó ni? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin méjì kan láti Ẹdẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rajà, wọ́n ti rí mi, wọ́n ti kí mi ní Ẹnjiníà, ọ̀kan tilẹ̀ ti ń sọ fún ẹni tó ń tajà pé ọ̀gá wa rè é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé fóònù létí níwájú wọn kí n máa bèèrè iye eyín? Ojú tì mí. Mi ò pe Délé.

Obìnrin ló ń tajà níbẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó mọ ọjà rẹ̀ dáadáa. Ó bi mí pé báwo ni irin tí mo fẹ́ gé ṣe nípọn tó. Mi ò mọ̀ ọ́n, nítorí Délé ló máa ń wọn irin. Mo na ọwọ́ sí bíléèdì tí eyín rẹ̀ tóbi jù lára ògiri. Ó rí bí ohun tó lágbára. Ìyá yẹn wo bíléèdì, ó wo mí.

Ó ní, "Ẹnjiníà, igi ni èyí máa ń gé o. Ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

Àwọn ọkùnrin méjì yẹn mi orí, wọ́n gbà fún mi. Ìyá náà di ọjà fún mi.

Bébà kan lẹ̀ mọ́ ara bíléèdì náà, wọ́n ya àwòrán pákó sí i. Nígbà tí mo sọ̀ ní Sekona láti wọ ọkọ̀ Ẹdẹ, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo fi èékánná ha bébà yẹn kúrò, mo sọ ọ́ sínú gọ́tà. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe kì í ha bébà dànù. Nítorí náà, mi ò lè sọ fún yín pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ láti Sekona. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé irin ni irin, yóò gé e bó ti wù kó rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè jí. Mo fi bíléèdì náà sórí ẹ̀rọ fúnra mi, mo fà á le, mo pa ìdérí rẹ̀ dé kí Délé tó dé. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Délé ló máa ń fi bíléèdì sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Nílé Délé, irin tuntun kì í ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ta epo sí i. Ìbáà ṣe abẹ́rẹ́. Wọ́n á ta epo pupa díẹ̀ sí i, wọ́n á fi àtàǹpàkò fi epo náà pa á, wọ́n á sọ fún Ògún pé iṣẹ́ ni kí irin yìí máa jẹ, kó má jẹ ara ẹni tó ń lò ó. Gbogbo bíléèdì tí a ti lò ní ṣọ́ọ̀bù mi, bẹ́ẹ̀ ni Délé ṣe sí wọn. Á rọra fi àtàǹpàkò tọ eyín lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní kánjú. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ń wẹ ọmọ tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó mú ìgò epo rẹ̀ dé bó ti máa ń ṣe. Ó rí i pé mo ti pa ẹ̀rọ dé. Ó na ọwọ́ láti ṣí i. Tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá kan eyín yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àṣírí mi tú.

Mo ní, "Délé, fi í sílẹ̀. Àwọn oníbẹ́ẹ̀dì ti ń pè láti àárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, o lè ta epo rẹ."

Ó dúró. Ó ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé Ògún ò lè mú sùúrù di ìrọ̀lẹ́ ni. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà bí mo ti ń sọ ọ́. Délé bi mí pé ṣé ó bá sáńpù mu. Mo ní eyín kan eyín. Ó gbé ìgò epo rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbà mí gbọ́.

Páìpù kìíní já, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ò dára, ó ń dún bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Délé ní ohùn yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn. Mo ní tuntun ni, yóò mọ́ ọn lára. Ìkejì gbọ̀n gan-an. Ìkẹta ló burú. Eyín bíléèdì kọ́ páìpù, ó fà á yọ níbi tí a dè é mọ́. Délé na ọwọ́ kó dì í mú. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni bíléèdì já.

Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí. Ìka méjì ló lọ, ìfábẹ̀lá àti ti àárín, ọwọ́ ọ̀tún. Mo fi fìlà mi di ọwọ́ náà, a gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn, ó jókòó sáàárín èmi àti ọlọ́kadà. Kò ké. Orí rẹ̀ wà léjìká mi. Ó ń sọ nǹkan, mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ó ní, "Epo. A ò ta epo sí i."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Délé. A ò ta epo sí i."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo lè sọ fún un nígbà náà pé bíléèdì ni kò dára. Mo rí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ là fún mi, mo sì gba ibẹ̀ sá. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi. Ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ ka èyí tó kù.

Nígbà tí mo padà sílé, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù, mo kó bíléèdì tó já náà. Eyín rẹ̀ ti ká kúrò níbi púpọ̀. Mo ká a sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e sókè àjà. Nígbà tí àwọn ará ilé Délé wá bèèrè irin náà kí wọ́n lè fi tu Ògún lójú, mo ní mo ti sọ ọ́ sínú odò Ọ̀ṣun, pé irin burúkú ni, mi ò fẹ́ kó wà nílé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àgbà kan níbẹ̀ gbàdúrà fún mi, pé ọ̀rẹ́ bí èmi ò wọ́pọ̀.

Láti ìgbà náà, Délé ò ṣiṣẹ́ irin mọ́. Ó ní Ògún ló fún òun lọ́wọ́, Ògún ló gbà á padà. Àgbẹ̀dẹ ilé wọn ti pa, koríko ti hù níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹwìrì. Oko ló ń lọ báyìí, ó sì ṣòro fún un láti di ọkọ́ mú. Òun ni àkọ́bí, òun ló máa ń dúró níwájú tí wọ́n bá ń bọ Ògún. Ní báyìí, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Ó ní ẹni tí Ògún bá bù jẹ kì í di ọ̀bẹ mú níwájú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí orí rẹ̀ pé bíi ti bàbá rẹ̀, fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé-ìwé. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní irin ti kọ ilé àwọn. Gàárì lọmọ yẹn ń tà ní Sekona.

Ẹ wò ó, ìka méjì ni bíléèdì gé. Gbogbo èyí tó kù, irọ́ mi ló gé e.

Èmi náà ò gbádùn. Mo fi tapólì bo ẹ̀rọ yẹn, mo sọ fún àwọn oníbàárà pé ó ti bàjẹ́. Ayùn ọwọ́ ni mo fi ń gé irin. Tí irin bá já bọ́ nílẹ̀, àyà mi á já. Mi ò gun ọ̀kadà mọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sọ́jà nínú oòrùn. Ìyàwó mi ní dókítà ló ní kí n máa rìn, bí ó ṣe ń sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ fi abẹ kàn mí lọ́rùn. Irùngbọ̀n mi ti dé àyà, ó ti funfun. Wọ́n ò pè mí ní Ẹnjiníà mọ́, Àáfà ni wọ́n ń pè mí. Ní mọ́sáláṣí, wọ́n á ní kí n bọ́ sí ìlà iwájú. Wọ́n rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló hu irùngbọ̀n náà. Ìbẹ̀rù abẹ ni.

Ẹ ó ní ṣebí Mùsùlùmí ni mí, kí ló kàn mí kan Ògún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró síbi tí mo dúró sí. Mi ò bọ Ògún rí. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún yín pé mi ò bẹ̀rù rẹ̀. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo tún fi orúkọ rẹ̀ bo irọ́ mi. Ọlọ́run tí mò ń kírun sí náà kò fẹ́ irọ́. Níbo ni kí n sá sí?

Sáńpù ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ìyàwó mi rí i nínú bùbá nígbà tó fẹ́ fọṣọ. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó rí i pé eyín rẹ̀ kéékèèké, ó so aṣọ mọ́ orí rẹ̀, ó fi ń ha ìpẹ́ ẹja. Ọdún kẹfà rè é. Tí mo bá wà nínú yàrá tí mo gbọ́ tó ń ha ẹja ní ibi ìdáná, mo máa ń jáde nílé. Ó rò pé mi ò fẹ́ràn òórùn ẹja ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá Àáfà kan tó mọ̀wé. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe irú nǹkan báyìí. Ó ní èyí tó bá wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run, àdúà lè fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ èèyàn tó bá wà lọ́rùn ẹni, àfi kí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ yẹn forí jì í. Ó ní kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi kó tètè lọ. Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dúpẹ́, mo wá sílé, mi ò lọ síbì kankan.

Ọjọ́rú tó kọjá ni ọmọ Délé wá. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi. Ó ní àwọn àgbà ilé àwọn ti jókòó, wọ́n fẹ́ kí bàbá òun padà síwájú Ògún, kí wọ́n sì ṣí àgbẹ̀dẹ. Àmọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wá fi ẹnu kan irin, kó jẹ́rìí pé kì í ṣe àfojúdi ni bàbá òun fi ṣe é tí kò fi ta epo. Kó sọ gbogbo ohun tó mọ̀, kó má fi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọ̀kan pamọ́, irin tó fẹnu kàn yóò bi í.

Ó ní, "Bàbá mi ní ẹ̀yin nìkan làwọn ní. Wọ́n ní ẹ ò lè purọ́ mọ́ àwọn."

Mo ní màá wá. Kí ni kí n sọ?

Kó tó lọ, ó bèèrè bóyá òun lè wo ẹ̀rọ náà. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ṣí tapólì. Ó fi ọwọ́ yí wíìlì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí bíléèdì máa ń gbà kọjá. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wo nǹkan gan-an ni. Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ kò le rárá, pé bíléèdì ọjọ́ yẹn, báwo ni eyín rẹ̀ ṣe rí. Mo ní mo ti gbàgbé. Ó da tapólì bò ó padà, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó ní ó dàbọ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ yẹn mọ̀. Láti ọjọ́rú, oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Mo ti rò ó pé kí n sá lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àbúrò mi títí Àbámẹ́ta náà á fi kọjá. Mo ti rò ó pé kí n ṣàìsàn. Mo tún rò ó pé mo lè lọ síbẹ̀ kí n sọ òótọ́ kékeré, pé Délé fẹ́ ta epo, èmi ni mo dá a dúró. Òótọ́ nìyẹn. Irin ò ní bi mí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má fi ọ̀kan pamọ́.

Ikú ń bà mí lẹ́rù, mi ò ní parọ́. Àwọn àbúrò Délé náà ń bà mí lẹ́rù, irin ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ojú Délé. Ọdún mẹ́fà ló fi ń bẹ Ògún lórí ohun tí Ògún ò ṣe. Tó bá wo mí, tí kò bínú, tó kàn bi mí pé kí ló dé tí mi ò pe òun láti Ifẹ̀, kí ni màá sọ? Ṣé kí n sọ pé nítorí àwọn ọkùnrin méjì tí mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn ni?

Láàárọ̀ yìí, mo gun àjà, mo gbé àpò ìrẹsì yẹn sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ bá ìyàwó mi níbi ìdáná, mo ní kó fún mi ní irin tó fi ń ha ẹja. Ó fún mi. Ó bi mí pé kí wá ni òun fẹ́ máa fi ha ẹja báyìí. Mo ní màá ṣe òmíràn fún un. Mo gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa irin, tó bá wò wọ́n, á mọ̀ pé wọn ò jọra. Ìpẹ́ ẹja ṣì wà láàárín eyín ti kékeré.

Mo ti ra ìgò epo kan. Mi ò tíì mọ ìdí tí mo fi rà á.

Wọ́n ní irin wà nílé àwọn, kí n kàn mú ẹnu mi wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ mú irin tèmi lọ. Mo fẹ́ gbé e lé Délé lọ́wọ́ kí n tó la ẹnu, kó ta epo sí i, kó fi àtàǹpàkò tọ eyín rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ kó ṣe lọ́jọ́ yẹn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n ṣe é níwájú gbogbo wọn, kí wọ́n gbọ́ pé Ògún ò bá a jà? Àbí kí n lọ bá a lóko lọ́la, èmi àti òun nìkan, kó lè bú mi bó ṣe fẹ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹsẹ̀ mi tó tún yẹ̀.

Ìka méjì ló lọ. Àtàǹpàkò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.